Ojú Ẹ Mọ́, Wọlé

Láàárín ọ̀sẹ̀, ọwọ́ ẹlòmíràn kì í kan ojú Télọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ló sì ti ń kàn án, láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Ọwọ́ Tíṣà ni. Tíṣà á tutọ́ díẹ̀ sí etí áńkáṣífù, á di Télọ̀ mú lágbọ̀n bí ẹni tó fẹ́ fún ọmọdé lóògùn, á wá nu ṣọ́ọ̀kì búlúù tí wọ́n fi ń fàlà sára aṣọ kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kò sí ọjọ́ Ìsinmi tí ṣọ́ọ̀kì yìí kì í sí níbẹ̀. Yàrá kan ni Télọ̀ ní. Ibi tó ń sùn náà ló ti ń gé aṣọ, ṣọ́ọ̀kì wà lára tówẹ́ẹ̀lì, ó wà lára ìrọ̀rí, obìnrin náà kò sì lè ronú kó má fọwọ́ lẹ́rán. Bí Tíṣà bá nù ún tán, á sún sẹ́yìn díẹ̀, á wò ó dáadáa, á ní, "Ojú ẹ mọ́. Wọlé."

Ìgbà náà ni Télọ̀ tó lè wọlé. Bí ìjọ wọn ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ìjọ kékeré ni. Àwọn bàbá tó dá a sílẹ̀ gbà pé dígí ni ilẹ̀kùn tí ìgbéraga obìnrin máa ń gbà wọlé. Wọn ò sọ ilẹ̀kùn tí ti ọkùnrin ń gbà. Torí náà, ọjọ́ tí obìnrin bá ṣèrìbọmi ló máa kó gbogbo dígí ilé rẹ̀ wá, títí kan èyí tó wà nínú àpò ìfàlọ́wọ́, kò sì ní wo ojú ara rẹ̀ mọ́. Àwọn ọkùnrin ní tiwọn ń lọ fá irùngbọ̀n lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ sì kún fún dígí láti òkè délẹ̀, kò sẹ́ni tó bá wọn wí. Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Obìnrin tí kò lè rí ojú ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ẹni tó máa bá a rí i. Làwọn ìyá ìjọ bá wá ọgbọ́n dá sí i. Ẹni tó bá dúró tì ọ́ nínú omi lọ́jọ́ ìrìbọmi ni ẹnì kejì rẹ. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, kí agogo tó lù, ẹ̀yin méjèèjì máa dojú kọ ara yín lọ́dẹ̀dẹ̀. Wàá tún sìkáàfù orí rẹ̀ ṣe, wàá yọ ipin ojú rẹ̀, wàá fọwọ́ ra ìpara tí kò jinná lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú rẹ̀, òun náà á ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ. Bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ó sọ fún ara yín pé ojú mọ́, ẹ ó sì wọlé. Ẹni tí wọn ò bá tíì sọ ọ́ fún kò gbọdọ̀ wọlé.

Tíṣà ló dúró ti Télọ̀ nínú omi. Tíṣà ju Télọ̀ lọ lọ́jọ́ orí. Ó ga, ohùn rẹ̀ le, ó ti fi ilé ìwé sílẹ̀ tipẹ́ ṣùgbọ́n ilé ìwé kò tíì fi í sílẹ̀; bó bá ń kí ọ, ó máa ń dà bíi pé ó ń pe orúkọ nínú kíláàsì. Ó láwọn ọmọ lọ́nà jíjìn tí wọ́n ń pè é lórí fóònù. Télọ̀ ò bímọ, ọkọ rẹ̀ sì ti kú. Yàtọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, àwọn méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ ríra. Bí Télọ̀ bá gbé aṣọ lọ fún un, ẹnu ilẹ̀kùn ni Tíṣà ti máa ń gbà á, á dúpẹ́, á tilẹ̀kùn. Télọ̀ kì í sì í ṣe ẹni tó máa wọlé onílé tí wọn ò bá ní kó wọlé.

Iṣẹ́ wà fún Télọ̀ náà lójú Tíṣà. Ọdún tí Tíṣà fẹ̀yìn tì ni Télọ̀ rí irun funfun kan tó gùn lágbọ̀n rẹ̀. Irùngbọ̀n ni, ẹ jẹ́ ká pe nǹkan lórúkọ tó ń jẹ́. Báwo lo ṣe máa sọ fún obìnrin bẹ́ẹ̀, tí gbogbo ọmọdé àdúgbò ṣì ń sá fún, pé ó ń hu irùngbọ̀n? Télọ̀ ní, "Ẹ dúró, Ẹ̀gbọ́n, òwú kan wà níbí," ó fa àlùmọ́gàjí kékeré tó fi ń gé òwú yọ nínú àpò, ó gé e. Lọ́sẹ̀ kejì, òwú tún wà. Nígbà tó yá, òwú di méjì, ó di mẹ́ta, ó di ohun tí Télọ̀ ń gé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tíṣà á máa rẹ́rìn-ín. "Ìwọ àti òwú ẹ! O ti kó o ràn mí." Ojú rí, ẹnu dákẹ́. Télọ̀ á gé e tán, á ní, "Ojú yín mọ́, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ wọlé."

Kí ẹ tó sọ pé obìnrin wo ló máa fẹ́ràn ìjọ tí kò fẹ́ dígí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá Télọ̀ fún yín. Ọmọbìnrin méjì ni ìyá náà bí, Télọ̀ sì ni ẹ̀gbọ́n. Àbúrò lẹ́wà débi pé ẹni tó bá wá yá ìgbálẹ̀ á gbàgbé ìgbálẹ̀. Àlejò á wọlé, á yìn ín, yìn ín, ojú àlejò á wá ṣẹ́ kan ẹ̀gbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, gbogbo ilé á dákẹ́, ìyá wọn á yára sọ pé, "Ìwà lẹwà o." Kò sírọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n èmi ò tíì gbọ́ kí wọ́n sọ ọ́ fún arẹwà rí. Ọmọ náà gbọ́ ọ títí tó fi dàgbà. Ó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ kó tó mọ bí a ti ń so òwú mọ́ abẹ́rẹ́.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ ìrìbọmi, nígbà tí àwọn obìnrin ń wo dígí wọn bí ẹni tó ń sin òkú, Télọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì gbé tirẹ̀ sílẹ̀, ó ń kọrin. Lọ́dẹ̀dẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó máa bi í bóyá ó lẹ́wà. Bóyá ojú rẹ̀ mọ́ ni wọ́n máa bi í. Ẹwà kò sí níkàáwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ṣeé ṣe, kí èèyàn ṣáà ti ní ẹni tó máa nù ún. Ó gbà pé Ọlọ́run ló wá ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn fún òun, mi ò sì lè bá a jiyàn.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá dà bí èyí. Látàárọ̀ ọjọ́ Ajé títí di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, òun ló ń fọwọ́ kan gbogbo ayé. Ó ń fi téèpù yí àyà wọn ká, ó ń wọn ọrùn, ó ń wọn ìdí, ó ń kúnlẹ̀ sẹ́yìn wọn, pín-ìn-nì kún ẹnu rẹ̀, ó ń ṣẹ́ etí aṣọ. Wọ́n á máa sọ ti ọkọ wọn fún un lókè orí. Wọ́n á gba aṣọ, wọ́n á lọ, yàrá á sì dákẹ́ débi tó fi máa ń gbọ́ bí áyọ́ọ̀nù ti ń tutù. Kò sẹ́ni tó ń wọn òun. Ènìyàn laṣọ mi, ni àwọn àgbà wí. Aṣọ ló kún yàrá Télọ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ọjọ́ Ìsinmi ń bọ̀, ọwọ́ Tíṣà á sì di àgbọ̀n òun mú, ìyẹn sì ń tó o lò di ọ̀sẹ̀ mìíràn.

Pásítọ̀ tuntun dé. Ọ̀dọ́ ni, èèyàn dáadáa ni, ara rẹ̀ yá. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn tó kéde àwọn tó kàn láti gbálẹ̀, tó sì béèrè ẹni tó gbàgbé agbòjò, ó ní àwọn àgbà ìjọ ti gbé ọ̀rọ̀ dígí yẹ̀ wò, wọ́n sì ti rí i pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n á tiẹ̀ gbé ńlá kan kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó lè rọ àwọn ìyá lọ́rùn. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Òótọ́ ló sọ, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú dígí, èmi náà gbà. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ yọ òpó nínú ilé, ó yẹ kó kọ́kọ́ wòkè wo ohun tí òpó gbé dúró.

Dígí náà ga bí ilẹ̀kùn. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí wọ́n gbé e kọ́, Télọ̀ dé, ó lọ sídìí òpó tí òun àti Tíṣà máa ń dúró sí, ó gbé ojú sókè bó ti máa ń ṣe. Ẹ̀yìn àwọn obìnrin ló rí. Gbogbo wọn ló kọjú sí ògiri, wọ́n ń fi èjìká ti ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń kígbe. Tíṣà wà láàárín wọn, ó ń tún sìkáàfù ṣe fúnra rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n," ni Télọ̀ wí.

"Télọ̀! Wá wo nǹkan!" Tíṣà ò bojú wẹ̀yìn. "Mo ti darúgbó! Irú kí ni èyí? Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé mo ti darúgbó tó báyìí!" Inú rẹ̀ dùn bí ọmọ tó wọ bàtà tuntun. "Mo ti ṣe tèmi, jàre. Wo tìẹ náà, kó o máa wọlé bọ̀."

Ó bá wọlé. Télọ̀ dúró ti òpó títí agogo fi lù. Kò wo dígí. Nígbà tí kò sẹ́ni tó kù, òun náà wọlé, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un pé ojú rẹ̀ mọ́. Òun ni wọ́n yàn láti gbé agbọ̀n ọrẹ kiri lọ́jọ́ náà. Ó dúró níwájú ìlà kọ̀ọ̀kan, ó rẹ́rìn-ín sí wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín sí i.

Lọ́sàn-án, nílé, ó bomi bọ́jú, omi inú bàsíà di búlúù.

Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó pe àbúrò rẹ̀, arẹwà náà, tó ń gbé lọ́nà jíjìn.

"Wọ́n jẹ́ kí n gbé agbọ̀n ọrẹ kiri pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lójú," ló wí. "Gbogbo wọn. Wọ́n ń wò mí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé kò sí dígí níbẹ̀ ni?"

"Ó wà."

"Ẹ ò ṣe wá wò ó?"

Télọ̀ ń wo omi búlúù inú bàsíà. Àbúrò rẹ̀ ní kí wọ́n má fi ṣe ìbànújẹ́, pé ṣọ́ọ̀kì ò kúkú ń pààyàn, ó sì ní fóònù òun ti fẹ́ kú.

Ẹ má fi ohun tó ṣe lọ́sẹ̀ kejì ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wẹ̀ tán, ó wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó mú ṣọ́ọ̀kì lórí tábìlì, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ fà á gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, ìlà kan tó fẹ̀ tó ìka. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan á nù ún. Ohun tó fẹ́ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó lọ dúró ti òpó. Tíṣà dé, ó ti gbé awò ojú wá lọ́tẹ̀ yìí, ó sún mọ́ dígí dáadáa. Ó pẹ́ níbẹ̀. Lójijì, ó fa etí sìkáàfù wálẹ̀, ó fi bo àgbọ̀n, ó dorí kodò, ó gba ẹ̀gbẹ́ Télọ̀ kọjá bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Télọ̀ rò pé òun ló ń sá fún. Ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́.

Ìwàásù ọjọ́ náà dá lórí bí Ọlọ́run kì í ti í wo ìrísí, tó jẹ́ pé ọkàn ló ń wò. Àwọn èèyàn ní àmín. Télọ̀ di ojú rẹ̀ tó ní ṣọ́ọ̀kì, ó gbàdúrà nínú ara rẹ̀. Ó ní, "Olúwa, ẹ ṣé tí ẹ̀ ń wo ọkàn. Ta ló wá ń wo ojú?" Lẹ́yìn ìsìn, pásítọ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ dé orí ṣọ́ọ̀kì, ó dúró níbẹ̀ díẹ̀, ó kúrò. Ọmọ ilé ire ni. Ó rò pé èèyàn kì í sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó tó ìyá ẹni.

Nígbà tí gbogbo wọn ti lọ, Télọ̀ gbìyànjú ẹ̀. Ó rìn lọ síwájú dígí. Ó rí bàtà rẹ̀, ó rí etí aṣọ tó ṣẹ́ fúnra rẹ̀, ó rí ọwọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ń gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó dé ọrùn, ó gbọ́ ọ ketekete bí ìgbà tí ìyá rẹ̀ wà láàyè: ìwà lẹwà o. Ó dijú. Ojú dídì náà ló fi wá ọ̀nà àtẹ̀gùn kúrò níbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kẹta, ó fa ṣọ́ọ̀kì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ó fà á síwájú orí. Àwọn obìnrin méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí rí i, wọ́n gbá ara wọn nígbọ̀nwọ́, ọ̀kan sọ̀rọ̀ sí ìkejì létí, wọ́n sì kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ẹ kú ọjọ́ Olúwa, mà. Tíṣà ò wá. Agogo lù, orin bẹ̀rẹ̀ nínú ilé, Télọ̀ ṣì dúró. Ó ti rú òfin ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì, kò lè rú u lẹ́ẹ̀kẹta. Ó jókòó sórí pèpéle lóun nìkan, ó ń gbọ́ ohùn wọn láti ìta.

Ibẹ̀ ló ti rántí sìkáàfù tí Tíṣà fà bo àgbọ̀n. Ó fò dìde. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ẹnikẹ́ni ò gé òwú.

Ó kọrí sí ilé Tíṣà. Tíṣà ti mọ̀. Bó bá ti mọ̀ nípa irun, ó ti mọ̀ nípa irọ́. Bó bá sì lé òun dànù lónìí, kò sí ẹlòmíràn mọ́ láyé tó máa tutọ́ sí áńkáṣífù nítorí òun. Ó kan ilẹ̀kùn. Ó pẹ́ kí ó tó ṣí, ó sì ṣí díẹ̀. Tíṣà fi sìkáàfù bo ẹnu.

"Kí lo wá ṣe? Ìsìn ò tíì parí."

"Ẹ ò wá, Ẹ̀gbọ́n."

"Ara mi ò yá."

Tíṣà bá fa sìkáàfù náà sílẹ̀. Irun funfun náà dúró gbọingbọin lágbọ̀n rẹ̀. "Wo òwú ẹ," ló wí. "Ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ọdún tí ẹ fẹ̀yìn tì, mà."

"Ọdún tí mo fẹ̀yìn tì!" Ohùn kíláàsì náà jáde. "Gbogbo ìgbà yẹn ni mo ń rìn kiri bí òbúkọ, ìwọ wá ń pè é ní òwú! Irọ́! Lọ́dẹ̀dẹ̀ ilé Ọlọ́run, Télọ̀!"

"Irọ́ ni, mà."

"Ta lo sọ fún?"

"Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Mi ò jẹ́ kó gùn dé ibi tí ẹlòmíràn á ti rí i."

"Kí ló dé tó ò sọ fún èmi tí mo ni àgbọ̀n?"

"Ojú á tì yín." Télọ̀ ń wo ilẹ̀. "Tójú bá tì yín, ẹ ó máa ṣe é fúnra yín nílé. Tẹ́ ẹ bá ń ṣe é nílé, ẹ ò ní nílò mi mọ́." Ó gbójú sókè. "Ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń fọwọ́ kàn mí, Ẹ̀gbọ́n."

Tíṣà wá wò ó, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti ṣílẹ̀kùn.

"Kí ló wà lójú ẹ?"

"Ṣọ́ọ̀kì ni."

"Mo mọ̀ pé ṣọ́ọ̀kì ni. Ṣọ́ọ̀kì ni mo fi jẹun láyé mi. O gba títì wá báyìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Sọ́ńdè tó kọjá ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Èyí tó ṣáájú ẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀. Ìyẹn nìkan ni mi ò mọ̀ọ́mọ̀."

"Ìyẹn nìkan ni o ò mọ̀ọ́mọ̀," ni Tíṣà tún un sọ, jẹ́jẹ́, ó ń gbé e yẹ̀ wò. "Èmi náà wà lọ́dẹ̀dẹ̀."

"Ẹ kẹ́yìn sí mi, mà."

Tíṣà fọwọ́ wá inú àpò aṣọ rẹ̀, ó fa áńkáṣífù yọ, ó tutọ́ sí etí rẹ̀, ó di Télọ̀ mú lágbọ̀n. Ó nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó nu ti òsì, ó gun iwájú orí lọ. Ṣọ́ọ̀kì ọjọ́ náà pọ̀. Nígbà tó yá, kò nílò itọ́ mọ́, omi tó ń bọ́ lójú Télọ̀ ti tó láti fi nù ún. Kò sọ fún un pé kó má sunkún. Ó ṣe é títí gbogbo rẹ̀ fi kúrò, ó sún sẹ́yìn díẹ̀, ó wò ó. Wíwò náà pẹ́ ju ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ.

"Ojú ẹ mọ́," ló wí. Ó ti ilẹ̀kùn náà sẹ́yìn gbayawu. "Wọlé."

Télọ̀ nu ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wọ ilé tí kò wọ̀ rí. Àga kan ló wà nídìí tábìlì níbẹ̀, ti ẹni tó ń dá jẹun. Tíṣà gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó jókòó, ó tú sìkáàfù, ó gbé àgbọ̀n sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

"Ṣé àlùmọ́gàjí yẹn wà lọ́wọ́ ẹ?"

"Ó wà, mà."

"Òwú ọ̀hún pọ̀ o."

"Kò pọ̀ rárá, Ẹ̀gbọ́n," ni Télọ̀ wí, ó sì fọwọ́ kan ojú Tíṣà.